Aago Mélòó Ló Yẹ Kí Ọmọ Middle School Wọ Kíláàsì? Àwọn Ìbéèrè Táwọn Òbí Ń Bèèrè Jù

Kí ni ọ̀rọ̀ "start time" tí gbogbo èèyàn ń fà yìí?

Aago tí agogo àkọ́kọ́ ń lù ní iléèwé ni. Ní Amẹ́ríkà níbí, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló ń mú aago yẹn, school district kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó àwọn iléèwé ìjọba ládùúgbò kan, ló ń mú tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi lè máa wọlé ní 7:30, kí ọmọ àbúrò yín tó wà ní county kejì sì máa wọlé ní 9:00. Àwọn òbí kan, àwọn dókítà ọmọdé àtàwọn tíṣà kan ń sọ pé ó ti yá jù fún ọmọ tó ń bàlágà, kí wọ́n sún un síwájú díẹ̀. Àwọn míì ní kò sóhun tó ṣe é, kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Middle school tá à ń wí ni kíláàsì 6 sí 8, ọmọ ọdún 11 sí 14, ẹ rò ó bíi JSS1 sí JSS3 nílé. High school lariwo ẹ̀ máa ń pọ̀ jù tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, àwọn ọmọ àárín yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, àwọn ni mo sì torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí.

Aago mélòó làwọn iléèwé ń wọlé?

Ó yàtọ̀ síra. Nígbà tí CDC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìlera, wo ìṣirò ọdún ẹ̀kọ́ 2011 sí 2012, tí wọ́n bá da middle school àti high school ìjọba pọ̀, ìpíndọ́gba aago tí wọ́n ń wọlé bọ́ sí 8:03 àárọ̀. Iléèwé tó ń wọlé ní 8:30 tàbí lẹ́yìn ẹ̀ ò tó ọ̀kan nínú márùn-ún. Àwọn kan ti yí tiwọn padà látìgbà náà, àmọ́ middle school tó ń lu agogo ní 7:30 ṣì wà dáadáa.

Ẹ má sì wo agogo nìkan. Tí agogo bá jẹ́ 7:30, bọ́ọ̀sì lè dé òpópónà yín ní 6:30, ọmọ tó máa wẹ̀, tó máa wọṣọ, tó máa fi nǹkan sẹ́nu, á ti jí ní 5:30. Lóṣù kìíní, òkùnkùn biribiri ni. Mo ti dúró ti ọmọ mi níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé wọn, yìnyín wà nílẹ̀, iná fóònù la fi ń wo ibi tá à ń tẹ̀, ó gbé orí lé mi ní apá, ó ń sùn lórí ìdúró.

Oorun wákàtí mélòó ni ọmọ yìí nílò?

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun, American Academy of Sleep Medicine, ní ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12, ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò 8 sí 10. Middle school wà láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọmọ ọdún 12 tó ń jí ní 5:30, kó tó lè sùn wákàtí 9, ó gbọ́dọ̀ ti sùn lọ ní 8:30 alẹ́. Mi ò ní kó wọ yàrá ní 8:30 o, mo ní kó ti sùn lọ fọnfọn. Ọmọ kan náà ló dé láti iléèwé, ó lè ní bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ àṣetiléwá wà, oúnjẹ wà, abọ́ tó máa fọ̀ wà.

Ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ ni?

Ìbéèrè yìí ló ń dùn mí jù, torí èmi náà ti pe ọmọ mi lọ́lẹ, ó lé ní ọdún kan tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Mo máa wọ yàrá ẹ̀, màá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ ìbọ̀sẹ̀ kan, èkejì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ojú ẹ̀ ti pa dé. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ọpọlọ wa máa ń tú nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní melatonin, òun ló ń sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́. Tí ọmọ bá ti ń bàlágà, àkókò tí nǹkan yìí ń jáde máa ń sún síwájú, ó lè tó wákàtí méjì. Ọmọ tó ń tòògbé ní 8:30 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 9, ojú ẹ̀ á là rekete ní aago 10 nígbà tó bá di 13. Yàtọ̀ síyẹn, oorun tó máa ń gbára jọ sí èèyàn lára látàárọ̀, kì í tètè wúwo lára ọmọ tó ń bàlágà bó ṣe ń wúwo lára ọmọ kékeré. Nítorí náà ẹ lè lé e wọ yàrá ní 8:30, ẹ lè paná, àjà ilé ló máa máa wò.

Láàárọ̀ ńkọ́? Melatonin alẹ́ ò tíì kúrò lára ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí aṣọ lórí ẹ̀ ní 5:30. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń jí ẹ̀yin àgbà ní 3:30, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọ́rọ́. Ọmọ yìí ò pirọ́rọ́, ó sùn ni.

Tí mo bá gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé kò ní sùn?

Ẹ gbà á. Iná fóònù àti táblẹ́ẹ̀tì lójú lálẹ́ máa ń lé oorun, ìròyìn àti géèmù tó wà nínú ẹ̀ tún burú ju iná lọ. Nílé wa, gbogbo fóònù ń sùn ní kíṣìnì, tèmi náà wà níbẹ̀.

Àmọ́ kò parí síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mary Carskadon ti Brown University, tó ń ṣèwádìí nípa oorun, ti ń rí i pé aago ara àwọn ọmọ yìí ń sún láti ìgbà tí ọmọ kankan ò tíì ní fóònù lápò. Fóònù ń dá kún un, òun kọ́ ló bí i.

Ọmọ ọdún 11 ṣì kéré, ṣé ọ̀rọ̀ high school kọ́ lèyí?

Ibí yìí làwọn school board, ìgbìmọ̀ tó ń darí district, máa ń gbà yọ àwọn ọmọ wa sílẹ̀. Ní 1993, Carskadon àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ kíláàsì 6, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ middle school gan-an, wọ́n rí i pé àwọn tí ara wọn ti ń bàlágà, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, làwọn tí ara wọn ń fà sí alẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń sún aago yẹn, ara ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin ọdún 11 mọ̀ pé ara ò dúró de high school.

Nígbà tí American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé, sọ̀rọ̀ jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2014, ohun tí wọ́n kọ ni pé kí middle school àti high school má wọlé ṣáájú 8:30. Wọn ò yọ middle school. Àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yẹn ló ń yọ ọ́.

Ẹ̀rí wo ló wà pé ó ń ran ọmọ middle school lọ́wọ́?

Èyí tó wù mí jù ni ti Wake County ní North Carolina, torí pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló dá ìwádìí yẹn sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Bọ́ọ̀sì ò tó, ni àwọn middle school kan bá ń wọlé ní nǹkan bíi 7:30, àwọn míì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iléèwé kan náà sì lè yí láti ọdún kan sí èkejì. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tó ń jẹ́ Finley Edwards wá wo máàkì àwọn ọmọ náà láti 1999 dé 2006. Ẹ rò ó pé wọ́n to ọgọ́rùn-ún ọmọ sórí ìlà, látorí ẹni tó gba máàkì kéré jù dé ẹni tó gbà jù. Tí wọ́n bá fi wákàtí kan sún àárọ̀ síwájú, ọmọ á fi ipò 2 lé díẹ̀ gòkè nínú ìṣirò, á fi bí ipò kan ààbọ̀ gòkè nínú ìwé kíkà. Àwọn tí kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ ló jèrè jù. Kò tóbi lójú, àmọ́ ẹnì kankan ò gba tíṣà tuntun, wọn ò ra ìwé kankan, aago lásán ni wọ́n yí.

Èkejì ni Cherry Creek ní Colorado, lọ́dún 2017. Middle school kúrò ní 8:00 bọ́ sí 8:50, high school kúrò ní 7:10 bọ́ sí 8:20. Ọmọ middle school ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 29 sùn sí i lálẹ́ ọjọ́ iléèwé, ti high school fi bí 45.

Tí wọ́n bá sún un síwájú, ṣé wọn ò kàn ní máa pẹ́ sùn sí i ni?

Gbogbo wa la máa ń rò bẹ́ẹ̀, èmi náà rò ó. Ní Seattle, wọ́n sún àárọ̀ high school láti 7:50 sí 8:45 lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ láti University of Washington sì fi aago ọrùn ọwọ́ tó ń mọ ìgbà téèyàn sùn àti ìgbà tó jí sí àwọn ọmọ lọ́wọ́, ìyẹn ni pé wọn ò gbára lé ẹnu ọmọ. Ìṣẹ́jú 34 lalẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi sùn sí i. Àkókò tí wọ́n ń wọ bẹ́ẹ̀dì ò fi bẹ́ẹ̀ yí. Oorun àárọ̀ tá à ń já gbà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n gbà padà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn ò gba gbogbo ìṣẹ́jú 55 yẹn fún oorun. Ẹni tó bá sọ fún yín pé wákàtí kan lórí aago á di wákàtí kan lójú oorun ń bù mọ́ ọn.

Kí ló fà á gan-an tí wọ́n fi ń wọlé láàárọ̀ kùtù bẹ́ẹ̀?

Bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì kan náà, dírẹ́bà kan náà, ló ń gbé oríṣi ọmọ mẹ́ta. Á kó ti àkọ́kọ́ dé iléèwé, á yípo padà lọ kó ti èkejì, lẹ́yìn náà ti ẹ̀kẹta. Tí gbogbo iléèwé bá fẹ́ wọlé ní 8:30, district á ní láti wá bọ́ọ̀sì àti dírẹ́bà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta, dírẹ́bà sì ṣọ̀wọ́n báyìí. Nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ gba ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo ìjà yìí, tẹ́ ẹ bá tú u délẹ̀, ta ló máa gba ìgbà àkọ́kọ́ ni.

Ta wá ló máa ń gbà á?

Tí district bá ti gbọ́ igbe lórí high school, wọ́n á sún high school síwájú, ibi tí high school dìde kúrò, middle school ni wọ́n sábà máa ń fi dí i, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Fairfax County ní Virginia sún high school láti 7:20 sí nǹkan bí 8:00 sí 8:10 lọ́dún 2015, inú àwọn òbí dùn. Middle school tó pọ̀ jù níbẹ̀ dúró sí 7:30. Ọmọ ọdún 12 wá ń jí ṣáájú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ 16.

Èrò tèmi ni pé àwọn ọmọ kékeré, kíláàsì 1 sí 5, ló yẹ kí wọ́n máa kọ́kọ́ wọlé. Àwọn ló máa ń jí fúnra wọn ní aago 6 lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n á wá máa fà yín lẹ́sẹ̀. Ohun tí Cherry Creek ṣe nìyẹn, wọ́n mú àwọn kékeré láti 9:00 wá sí 8:00. Àmọ́ ó ní ààlà. Ní Boston, lóṣù kejìlá ọdún 2017, wọ́n gbé ètò kan jáde tí kọ̀ǹpútà bá wọn ṣe, àwọn ọmọ elementary kan á máa wọlé ní 7:15. Àwọn òbí fárí gá, kí oṣù náà tó parí wọ́n ti gbé ètò náà jù sílẹ̀. 7:15 ò dáa fún ọmọ ọdún 6 náà.

Ṣé òfin kan wà lórí ẹ̀?

California ló kọ́kọ́ ṣe é fún gbogbo ìpínlẹ̀. Gómìnà Jerry Brown kọ̀ ọ́ ní 2018, ó ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa pinnu tiẹ̀. Gavin Newsom tó gbapò lọ́wọ́ ẹ̀ fọwọ́ sí i lóṣù kẹwàá ọdún 2019, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù keje ọdún 2022. High school ò gbọdọ̀ wọlé ṣáájú 8:30, middle school ò gbọdọ̀ wọlé ṣáájú 8:00, wọ́n yọ àwọn district abúlé sílẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe já ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kúrò lára ti middle school, nígbà tó jẹ́ pé 8:30 làwọn dókítà sọ fún méjèèjì.

Florida ṣe irú ẹ̀ ní 2023, wọ́n fún àwọn iléèwé di 2026 láti múra, ṣùgbọ́n ní 2025 wọ́n dẹ òfin náà torí ariwo owó àti bọ́ọ̀sì. District tí kò bá fẹ́ lè kọ ìwé pé òun ò lè ṣe é.

Iṣẹ́ wa ńkọ́? Aago 7 ni shift mi ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo àtakò, èyí lèmi ò lè fojú kéré, torí púpọ̀ nínú wa nọ́ọ̀sì ni, a wà ní ilé àwọn arúgbó, 7 sí 7. Ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde nílé ní 6:15, tí ọmọ ò ní wọ bọ́ọ̀sì títí di 7:45, ta ló máa bá a ti ilẹ̀kùn?

Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ká wo ọ̀sán náà. Ọmọ tó wọlé ní 7:30 ń jáde ní nǹkan bí 2:15. Láti 2:30 dé 7:30 alẹ́ tẹ́ ẹ fi máa dé, wákàtí márùn-ún lòun nìkan wà nílé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, a ò sì ka ìyẹn sí ìṣòro torí ó ti mọ́ wa lára. Tẹ́ ẹ bá sún aago, ẹ ń mú lára ọ̀sán bọ́ sí àárọ̀ ni, àárọ̀ tí ọmọ náà sì máa fi sùn ni. Síbẹ̀ kò rọrùn fún ilé tó jẹ́ pé òbí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. District tó bá fẹ́ yí aago gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn iléèwé ní 7:00 fáwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí àga àti oúnjẹ àárọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ béèrè fún un kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Eré ìdárayá àti lẹ́sìnnì ńkọ́?

Wọ́n á bọ́ sí ìrọ̀lẹ́. Lápá àríwá Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ti ń ṣú ní 4:30 lóṣù kejìlá, ọmọ tó jáde ní 3:50 ò ní rí òòrùn púpọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Òtítọ́ ni, kò sí bá a ṣe lè sọ ọ́ kó má rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi fi ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú mẹ́ta tó ń lọ.

Àwa náà jí ní aago 5 nílé, kí ló ṣe wá?

A jí lóòótọ́. Àmọ́ ká rántí alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú. NEPA á mú iná, àtùpà la fi ń kàwé, kò sí nǹkan tó ń tàn lójú, tó bá fi máa di aago 9 gbogbo agboolé ti dákẹ́. Ká sì rántí kíláàsì. Ta ni ò rántí ọmọ tó sùn lórí táábìlì, tí tíṣà ní kó dúró kó gbọ́wọ́ sókè, tàbí tó fi ẹgba jí i? Ó ń ṣe wá nígbà yẹn. A ò kàn mọ orúkọ tá a máa pè é ju "olóorun" lọ.

Àwọn tó dàgbà l'Ékòó ṣáájú 1979 á tún rántí "afternoon": kíláàsì ò tó, ọmọ kan ń lọ láàárọ̀, èkejì ń lọ lọ́sàn-án. Jakande fòpin sí i nígbà tó di gómìnà. Èèyàn ló mú aago ìgbà yẹn, èèyàn ló sì yí i padà.

Kí ni mo lè sọ ní mítìn school board?

Ẹ kọ orúkọ sílẹ̀ ṣáájú, ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn. Ẹ má ka ìwádìí fún wọn, wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ sọ aago tí bọ́ọ̀sì ń gbé ọmọ yín, aago tó ń jí, àti aago tó ń sùn lọ. Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: nínú ètò tuntun yìí, ta ló ń gba ìgbà àkọ́kọ́? Tí wọ́n bá ní middle school, ẹ ní kí wọ́n sọ ìdí ẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ mítìn.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ohùn yín dẹ́rù bà yín. Ìyá kan nínú wa lọ pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan péré, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò.

Kí aago tó yí, kí la lè ṣe nílé?

Ẹ ṣí wíńdò ní gbàrà tí ọmọ bá jí, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ máa ń fa aago ara padà. Lálẹ́, ẹ dín iná pálọ̀ kù láti aago 8. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀ sí i, bíi wákàtí kan sí méjì, tó bá fi di ọ̀sán, alẹ́ ọjọ́ Àìkú á dìjà.

Àwọn òbí mélòó kan bá pásítọ̀ wa sọ̀rọ̀ lórí ìṣọ́ òru alẹ́ Ẹtì, torí pé ọmọ tó bá jí títí di aago 3 Sátidé ò ní padà bọ̀ sípò títí di Ọjọ́rú. Pásítọ̀ gbà. Ní báyìí a ti tẹ́ ẹní sí kíláàsì Sunday School lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kíláàsì 6 sí 8 máa ń kọrin pẹ̀lú wa títí di 10, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń lọ sùn, ẹnì kankan ò sì ní jí wọn títí tá a fi máa gbé wọn sínú mọ́tò.